Ẹ fẹ́ ya àwòrán sára ògiri ilé ọtí yín? Ẹ kọ́kọ́ yẹ ògiri náà wò

Ìbéèrè kan náà ni àwọn onílé ọtí máa ń bi mí, yálà ẹni tó ń ta ẹmu lábẹ́ igi ni o, tàbí ẹni tó ń pọn bíà tirẹ̀ nínú àgbá mẹ́ta lẹ́yìnkùlé: “Báwo ni mo ṣe máa ya àwòrán sára ògiri mi tí kò ní bó kí ọdún tó yí po?” Nítorí náà ni mo ṣe kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níhìn-ín, láti ọjọ́ tí èrò náà bá ti wá sọ́kàn yín títí dé ọjọ́ tí ẹ ó máa tọ́jú àwòrán náà.

Èmi náà ti ya èyí tó bó rí. N'Ìbàdàn ni, nínú oṣù kẹfà, ní ilé ọtí kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ògiri rẹ̀. Onídùndún kan ni mo yà, ó ga ju èmi fúnra mi lọ. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ onílù náà fi wú bíi ti ẹni tí eyín ń dùn. Mo fi ìka tẹ ibẹ̀, omi ṣàn jáde lára ògiri, ọ̀dà sì ṣí tẹ̀lé e bí awọ tòmátò. Ẹ̀yìn ògiri yẹn gan-an ni wọ́n ti máa ń fọ ìgò. Kò sí ẹni tó sọ fún mi, èmi náà ò sì yọjú wo ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ tó ṣáájú búrọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ jù.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: àyẹ̀wò ògiri

Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó pe ayàwòrán kankan, kí ẹ má baà sanwó iṣẹ́ tí kò ní dúró.

1. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n rẹ́ ògiri náà. Bí símẹ́ǹtì rẹ̀ kò bá tíì pé ọjọ́ 28, ẹ fi í sílẹ̀. Nígbà òjò, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kún un. Símẹ́ǹtì tuntun máa ń jẹ àwọ̀.
2. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù dán an wò. Ẹ gé náílọ́ọ̀nù funfun tí ojú lè rí òdìkejì rẹ̀, kó fẹ̀ tó ojú ìwé ìròyìn tí a tẹ́ sílẹ̀. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí atẹ́gùn má ráyè wọlé. Kó wà bẹ́ẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ òní sí ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Bí omi bá sẹ̀ sí inú rẹ̀, ọ̀rinrin ń bẹ nínú ògiri. Ẹ ṣe é níbi mẹ́ta: nísàlẹ̀, láàárín, àti lábẹ́ òrùlé.
3. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri. Bí ìyẹ̀fun funfun bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ọ̀dà àtijọ́ tó wà níbẹ̀ ti kú. Ẹ ní láti ha á kúrò.
4. Ẹ lẹ tẹ́ẹ̀pù mọ́ ọn, kí ẹ já a gbà lójijì. Bí ọ̀dà bá tẹ̀lé tẹ́ẹ̀pù, tuntun tí ẹ bá kùn lé e lórí náà yóò tẹ̀lé e.
5. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn ògiri. Ṣé balùwẹ̀ ló wà níbẹ̀? Ṣé táńkì omi ni? Ṣé ibi tí a ti ń fọ àgbá ni? Ṣé gọ́tà ló gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá?
6. Ẹ dúró wo oòrùn. Ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ló máa ń tètè ṣá jù. Kì í ṣe pé kí ẹ má ya ibẹ̀ o, àmọ́ ẹ óò yan àwọ̀ míì fún un.

Bí ẹ bá rí ohun funfun bí iyọ̀ tó ń hù jáde lára ògiri, omi ló ń gbé e jáde láti inú símẹ́ǹtì. Ẹ má ṣe kun ọ̀dà bò ó. Ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé, ẹ dí i, kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá iyọ̀ náà kúrò. Bí ẹ bá fi omi fọ̀ ọ́, inú ògiri ni yóò tún padà sí.

## Ìgbésẹ̀ kejì: ta ni yóò yà á?

Ọmọ àdúgbò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Àwọn tó ń kọ pátákó ìsọ̀, àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yaba Tech tàbí ní yunifásítì Ifẹ̀ tí ilé wọn kò jìnnà sí yín: wọ́n mọ àwọn tó máa ń wá mutí lọ́dọ̀ yín, wọ́n mọ ìtàn àdúgbò, bí nǹkan bá sì bàjẹ́, wọn kò jìnnà.

Ẹ má fi àwòrán orí fóònù nìkan yan èèyàn. Iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lánàá máa ń dán lójú. Ẹ ní kó mú yín lọ wo ògiri tó ti gba òjò ọdún méjì lórí.

Kí ẹ kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sínú ìwé, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i:

- [ ] Ìwọ̀n ògiri ní mítà, àti iye owó lórí mítà kọ̀ọ̀kan
- [ ] Ta ni yóò ra ọ̀dà, ta ni yóò wá àkàbà
- [ ] Owó ìbẹ̀rẹ̀ (ó máa ń tó ìdajì) àti ìgbà tí èyí tó kù yóò wọlé
- [ ] Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ lè ní kó tún àwòrán orí bébà ṣe kó tó kan ògiri
- [ ] Bí ọ̀dà bá bó láàárín ọdún kan, ta ni yóò tún un ṣe
- [ ] Ibi tí ayàwòrán yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí

Ìkan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Copyright Act 2022, ayàwòrán ló ni ẹ̀tọ́ lórí àwòrán náà, bí ẹ tilẹ̀ sanwó iṣẹ́, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan míì. Bí ẹ bá ní i lọ́kàn láti tẹ àwòrán ògiri yín sára ìgò ọtí tàbí sára ẹ̀wù, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ san owó tó yẹ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọtí san owó iṣẹ́. Mo ti rí i tí wọ́n gbé páálí bíà méjì fún ọmọkùnrin kan tó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí àkàbà nínú oòrùn. Ó dùn mí títí di òní. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni, bíi ti bíríkìlà tó mọ ògiri náà.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: kí ni ẹ fẹ́ yà?

Ohun tó bá wà ní àdúgbò yín ló máa ń fani mọ́ra jù. Ẹlẹ́mu tó fi igbà gun ọ̀pẹ, akèrègbè tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà tó ń ta ayò. Ìyá tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, àgbàdo tó rẹ sómi, tó sì tẹ́ sílẹ̀ títí tó fi hù. Bí ẹ bá ń pọn bíà fúnra yín, ẹ jẹ́ kí ògiri fi han àwọn èèyàn bí ọkà ṣe ń di ọtí. Ọ̀pọ̀ tó ń mu ún ni kò rí i rí.

Àwọn ohun tó lè dá wàhálà sílẹ̀ nìyí:

- Àmì ilé iṣẹ́ ńlá. Bí ẹ bá ya àmì bíà tí ẹ kò ní sára ògiri, ó ti di ìpolówó ọjà, ó sì lè kan òfin àmì ọjà. Ní Èkó, àjọ LASAA ló ń bójú tó pátákó àti ìpolówó ìta. Bí orúkọ ilé ọtí yín àti iye tí ẹ ń ta ọjà bá máa wà lára àwòrán, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ míì, ẹ béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ yín ẹni tó ń bójú tó o.
- Ọmọdé. Ẹ má ya ọmọdé sára ògiri ilé ọtí, ì báà jẹ́ pé ijó lásán ló ń jó.
- Egúngún àti àwọn òrìṣà àdúgbò. Ẹ lọ bá àwọn tó ni wọ́n sọ̀rọ̀ kí ẹ tó yà wọ́n. Àwọn mìíràn yóò gbà tayọ̀tayọ̀, àwọn mìíràn yóò ní kí ẹ yọ ohun kan kúrò.
- Ojú olóṣèlú. Ẹ ó máa pààrọ̀ ẹ̀ ní gbogbo ìgbà ìdìbò.
- Ojú ẹni tó wà láàyè ní àdúgbò. Ẹ gba àṣẹ rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yan àsìkò

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló dára jù ní ilẹ̀ wa. Nínú ọyẹ́, eruku ni ìṣòro: ẹ fi aṣọ tútù nu ògiri láràárọ̀ kí ẹ tó kun ohunkóhun. Ẹ̀ẹ̀rùn kékeré inú oṣù kẹjọ ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Òjò a dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ inú ògiri ṣì tutù.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ tún ògiri ṣe

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú yín níhìn-ín.

1. Ẹ ha ọ̀dà tó ti ṣí. Bí ọ̀dà epo àtijọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á, kí ẹ sì fi nǹkan bo imú. Òjé wà nínú púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dà àtijọ́, eruku rẹ̀ kò dára fún ẹnikẹ́ni, pàápàá àwọn ọmọdé.
2. Níbi tí ara ògiri ti di àwọ̀ ewé tàbí dúdú nítorí omi, ẹ po ọ̀kan bílíìṣì mọ́ mẹ́ta omi, ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣan án dáadáa. Ẹ má po bílíìṣì pọ̀ mọ́ ohun ìfọṣọ tàbí ohun ìfọlé mìíràn, èéfín rẹ̀ lè pa èèyàn lára.
3. Ẹ dí gbogbo ibi tó là. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ibẹ̀, omi náà ò sì ráyè wọlé. Fún ìta, símẹ́ǹtì àti yanrìn kíkúnná ni kí ẹ fi dí i. Ẹ má lo POP níta, òjò yóò sọ ọ́ di ẹ̀kọ.
4. Ẹ fi sáńdípépà ra ibi tó bá ṣe wúruwùru, ẹ gbá eruku rẹ̀ kúrò.
5. Ẹ dúró títí yóò fi gbẹ. Ẹ tún fi náílọ́ọ̀nù dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i.
6. Ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún símẹ́ǹtì. Èyí ló ń dí oró símẹ́ǹtì mọ́lẹ̀ kó má baà jẹ àwọ̀ yín. Ẹ má fi ọ̀dà funfun tí ẹ bomi là rọ́pò rẹ̀. Òun ni àwọn péńtà máa ń fi dín owó kù, òun náà ló sì máa ń bó.
7. Ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú.

## Ohun tí ẹ ó rà

Ẹ jẹ́ ká fi ògiri mítà 6 ní gígùn, mítà 3 ní gíga ṣe àpẹẹrẹ. Mítà 18 níbùú-lóròó ni. Lórí ògiri tó dán, lítà ọ̀dà kan máa ń kun nǹkan bíi mítà 8 sí 10 níbùú-lóròó lẹ́ẹ̀kan. Lórí èyí tó rí ṣákaṣàka, ẹ ka mítà 6 péré.

- [ ] Ọ̀dà ìpìlẹ̀ símẹ́ǹtì: lítà 4
- [ ] Ọ̀dà olómi fún ìta, funfun, tí ẹ ó kùn lẹ́ẹ̀mejì: lítà 8
- [ ] Àwọ̀ tí ayàwòrán bá kọ sílẹ̀, ní lítà kan-kan
- [ ] Róla méjì, búrọ́ọ̀ṣì ńlá, búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà ó kéré tán
- [ ] Tẹ́ẹ̀pù oníwèé, òwú àti ẹfun, rúlà gígùn
- [ ] Ike olómorí, kí ọ̀dà tó ṣẹ́kù má gbẹ
- [ ] Ọ̀dà ìbora tó mọ́ gaara, olómi, tó wà fún ìta

Fún ògiri tó kọjú sí oòrùn, ẹ gbára lé àwọ̀ pupa bí ilẹ̀, àwọ̀ ìyeyè bí amọ̀, dúdú àti funfun. Wọn kì í tètè ṣá. Pupa tó ń tàn bí iná àti àwọ̀ osùn tó ń dán yọ̀yọ̀ ni oòrùn máa ń kọ́kọ́ jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ wọn dandan, abẹ́ òrùlé ni kí ẹ fi wọ́n sí.

Ọ̀pọ̀ máa ń ra ọ̀dà funfun nìkan, wọn a máa da àwọ̀ inú ìgò kékeré sí i títí yóò fi dúdú. Kò dára. Bí àwọ̀ inú ìgò yẹn bá ti pọ̀ jù, ọ̀dà kì í le dáadáa, yóò máa bá ọwọ́ àti ẹ̀wù oníbàárà lọ. Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀ tó ki, ẹ rà á ní kíki láti ilé ọ̀dà.

## Ìgbésẹ̀ kẹfà: láti orí bébà sórí ògiri

Ọ̀nà àtijọ́ ni mo ṣì fẹ́ràn jù, torí kò gba iná mànàmáná.

1. Ẹ ya àwòrán sórí bébà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó ga ní 30.
2. Ẹ fi rúlà fa ìlà lé e lórí, níbùú àti lóròó, ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí ara wọn. Ẹ ó ní ojú ilé 12 níbùú, 6 lóròó.
3. Lórí ògiri, ẹ fi ẹfun pa òwú, kí ẹni méjì fà á le gbọingbọin, kí ẹ ta á bíi gìtá. Ìlà yóò jáde. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 50 sí àárín wọn.
4. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ojú ilé kọ̀ọ̀kan, lórí bébà àti lórí ògiri.
5. Ẹ ya ohun tó wà nínú ojú ilé kọ̀ọ̀kan sínú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.
6. Ẹ sọdá títì, ẹ dúró sí òdìkejì, ẹ wò ó. Imú tó gún lórí bébà lè wọ́ lórí ògiri. Nígbà tó ṣì jẹ́ ẹfun ni kí ẹ tún un ṣe.

Bí ayàwòrán bá ní projector, ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri, kó lò ó lálẹ́. Wákàtí kan ni iṣẹ́ náà.

## Ìgbésẹ̀ keje: kíkùn

1. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni kí iṣẹ́ wà. Bí oòrùn ọ̀sán bá ti ń jó ògiri, ọ̀dà yóò gbẹ kó tó lẹ̀ mọ́ ọn.
2. Láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ohun tó bá kán má baà ba ibi tó ti parí jẹ́.
3. Ẹ̀yìn àwòrán ní àkọ́kọ́: sánmà, igi, ilé. Lẹ́yìn náà ni èèyàn. Ojú àti ọwọ́ ló kẹ́yìn.
4. Ẹ po àwọ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tí ẹ bá pò lọ́la kò ní jọ tòní.
5. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú wákàtí mẹ́rin láàárín.
6. Bí òjò bá ṣú, ẹ dúró. Wákàtí mẹ́rin ni ọ̀dà olómi nílò kí ẹ̀kán omi tó kàn án.
7. Ó kéré tán, mítà kan láti ilẹ̀ sókè, ẹ kun ún ní àwọ̀ kan ṣoṣo tó ki, tó sì ṣeé fọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn àga ń ha, ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ òjò ń ta sí. Ẹ má fi ojú ẹnikẹ́ni síbẹ̀.
8. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ kun ọ̀dà ìbora. Ẹ má lo fáńíṣì igi, yóò di àwọ̀ ìyeyè.

Àkíyèsí lórí àkàbà: bí orí rẹ̀ bá ga ní mítà mẹ́rin, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà kan, kí ẹnì kan sì dì í mú. Ẹ wo wáyà iná tó wọlé láti orí òpó kí àkàbà irin tó gbéra.

## Ẹ̀yin tí ẹ ń pọn ọtí níbẹ̀: ẹ ka èyí dáadáa

Ẹ má ya àwòrán sínú yàrá tí ẹ ti ń pọn ọtí. Ògiri ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dán, kó mọ́, kó ṣeé fọ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí àwọn NAFDAC máa ń wò nìyẹn nígbà tí wọ́n bá wá. Ooru ìgbóná ọtí yóò sì ká ọ̀dà náà kúrò lára ògiri bí èèpo iṣu sísè.

Bí iṣẹ́ yóò bá tilẹ̀ sún mọ́ ibẹ̀:

- Ẹ má lo ọ̀dà epo tàbí tínà nígbà tí ọtí ń wú nínú àgbá tàbí tí ọkà wà nílẹ̀. Òórùn rẹ̀ yóò wọnú ọtí, kò sì ní jáde mọ́.
- Nígbà tí ọtí bá ń wú, ó ń tú gáàsì CO2 jáde. Ó wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló máa ń bà sí, kò sì ní òórùn. Ẹni tó lóṣòó láti kun ìsàlẹ̀ ògiri nínú yàrá tí a tì pa lè dákú níbẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ má sì fi ayàwòrán sílẹ̀ lóun nìkan.

Ibi ìjókòó, ọgbà, ògiri tó kọjú sí títì àti ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí àwòrán wà.

## Bí ògiri yín kò bá ṣeé yà

- Pátákó. Ẹ ya á sórí pákó tí omi kì í tètè bàjẹ́, kí ẹ kùn ún tojú-tẹ̀yìn àti etí, kí ẹ sì gbé e kọ́ pẹ̀lú àlàfo sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá kó kúrò nínú ilé onílé, ẹ ó gbé e lọ. Fún ẹni tó ń háyà ilé, èyí ni mo máa ń dámọ̀ràn jù.
- Àfọ́kù táìlì. Ó gba sùúrù, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣá.
- Ọnà símẹ́ǹtì. Adebisi Akanji ti Òṣogbo, bíríkìlà ni kó tó di gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà, símẹ́ǹtì ló sì fi ṣe ọnà sára ilé epo kan ní ìlú náà. Bí ẹ bá ní bíríkìlà tó lọ́wọ́ ọnà ládùúgbò, ẹ bá a sọ̀rọ̀.

## Ìtọ́jú

Lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ fi fóòmù rírọ̀ àti omi ọṣẹ díẹ̀ nù ún, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ ṣan án. Ẹ má lo ẹ̀rọ ìfọmọ́tò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lẹ bébà ìpolongo ìbò mọ́ ọn, torí bí wọ́n bá já a, ọ̀dà yóò bá a lọ. Bí ibì kan bá wú, ẹ má kun ọ̀dà lé e: ẹ là á, ẹ wá omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tún un rẹ́.

Kí ẹ sì tọ́jú ìyókù àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ike, kí ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ lò ó sí ara rẹ̀: “awọ onílù,” “ẹ̀wù ẹlẹ́mu.” Onílé ọtí tó ni onídùndún ọjọ́sí gbé ibi ìfọgò kúrò lẹ́yìn ògiri, ó ṣe ọ̀nà fún omi, a sì dúró títí di oṣù kìíní. Mo ha gbogbo rẹ̀ kúrò, mo tún un yà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún kẹrin rèé. Èmi ni mo ṣì ń mú ike àwọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ onílù náà lọ́wọ́, kò sì tíì sí ìdí láti ṣí i.